Omi, Kẹ̀kẹ́, Ẹsẹ̀: Ìtàn Triathlon Látẹnu Ẹni Tí Kò Tíì Mọ Odò Wẹ̀ Dáadáa

Tanke ni mo wà nílùú Ìlọrin, ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi, ti aládùúgbò wa ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí lórí fóònù, orí yín ṣe é, ẹ ò gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì jókòó sídìí búrẹ́dì àti ẹyin lọ́dọ̀ Màláàmù onítíì kan ní Tanke Òkè-Odò. Ọ̀kan nínú wọn yọ fóònù, ó ní ká wo fídíò kan. Àwọn èèyàn bẹ́ sómi, wọ́n wẹ̀, wọ́n jáde pẹ̀lú omi lára, wọ́n bẹ́ gun kẹ̀kẹ́, wọ́n wà á lọ jìnnà, wọ́n tún sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń sáré. Triathlon ni wọ́n ń pè é. Eré mẹ́ta nínú ẹyọ kan, kò sí ìsinmi láàárín wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní àwa náà lè ṣe é. Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti ní, "Kí ló dé tá ò ní lè ṣe é?"

Bá a ṣe dájọ́ nìyẹn. Ìwẹ̀ 400 mítà nínú púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan, kẹ̀kẹ́ 10 kìlómítà, eré ẹsẹ̀ 2.5 kìlómítà. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí owó ìforúkọsílẹ̀, kò sí tíṣáàtì, kò sí mẹ́dàlì. Ìṣòro kan péré ló wà: mi ò mọ odò wẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ má baà máa fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa, àdúgbò kan náà là ń gbé. Ó tẹ̀ lé àwọn ẹ̀gbọ́n kan lọ sódò lọ́jọ́ Sátidé kan, kò padà wá. Màmá mi mú mi dání lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Ohun tí mo rántí jù ni bàtà rẹ̀. Ẹnì kan ti gbé e wá láti etí odò, wọ́n sì fi í sẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè gbé e kúrò níbẹ̀. Látọjọ́ náà ni màmá mi ti ṣòfin fún mi pé mi ò gbọdọ̀ dé etí omi tó bá ti ju garawa lọ. Mo ti lé lọ́mọ ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n báyìí, mo ti gboyè jáde ní yunifásítì, mo sì ń pa òfin náà mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tí ẹ̀rù bá ń bà mí, ìtàn ni mo máa ń lọ kà. Torí náà, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1974, ní Mission Bay nílùú San Diego, ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn èèyàn ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Àwọn méjì kan nínú ẹgbẹ́ eléré ìje tó ń jẹ́ San Diego Track Club, Jack Johnstone àti Don Shanahan, ló pe àwọn èèyàn wá síbi eré kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Dọ́là kan lowó rẹ̀. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ò retí èrò, ṣùgbọ́n èèyàn 46 ló yọjú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́, omi ló gbẹ̀yìn. Eré ẹsẹ̀ wọn fẹ́ẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 10 lápapọ̀, kẹ̀kẹ́ bíi kìlómítà 8, ìwẹ̀ wọn ò sì tó 500 mítà. Ẹ tún un gbọ́ o: 500 mítà. Àwọn kan lára wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀. Wọ́n pẹ́ nínú omi débi pé ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lórí, ni wọ́n bá wa mọ́tò sétí omi, wọ́n tan iná iwájú rẹ̀ kí àwọn tó kù lè rí ibi tí wọ́n máa gbà jáde.

Mo fẹ́ràn ìtàn iná mọ́tò yìí ju gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nínú eré yìí lẹ́yìn náà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Orúkọ eré náà gan-an, ọ̀rọ̀ tuntun ni. Johnstone sọ pé nígbà tóun gbé ife ẹ̀yẹ lọ fún ẹni tó máa fín ọ̀rọ̀ sí i lára, ẹni náà pè é padà pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ triathlon sílẹ̀, torí òun wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè, òun ò rí i. Òun náà bá wo bí wọ́n ṣe ń kọ pentathlon àti decathlon, ó fara wé e. Lóòótọ́, àwọn ará Faransé ti ń ṣe irú eré alápá mẹ́ta bẹ́ẹ̀ láwọn ọdún 1920, ṣùgbọ́n eléyìí tó di ti gbogbo ayé, ìrọ̀lẹ́ Mission Bay ló ti bẹ̀rẹ̀. Bill Phillips ló gba ipò kìíní. Ẹnì kan tún wà láàárín àwọn tó kópa, sójà ojú omi ni, John Collins lorúkọ rẹ̀. Ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn.

Kò pẹ́ kò jìnnà, iṣẹ́ gbé Collins lọ sí erékùṣù Oahu ní Hawaii. Ní ọdún 1977, níbi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn lẹ́yìn eré kan, iyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sáré ní àwọn lara àwọn le jù, àwọn tó ń wẹ̀ ní irọ́ ni, ẹnì kan tún dárúkọ Eddy Merckx, ọmọ Belgium tó ń gun kẹ̀kẹ́, pé kò sẹ́ni tó tó o. Ẹ mọ irú iyàn yẹn. Messi àbí Ronaldo ni, kì í parí. Collins dìde, ó ní ká so eré mẹ́ta tó le jù ní erékùṣù náà pọ̀: ìwẹ̀ 3.8 kìlómítà, kẹ̀kẹ́ 180 kìlómítà, àti odindi marathon, 42.2 kìlómítà. Ẹni tó bá ṣíwájú, òun lọkùnrin onírin. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọdún 1978, èèyàn 15 bọ́ sómi lóòótọ́, 12 sì parí rẹ̀. Gordon Haller ló gbégbá orókè, ó lo wákàtí 11, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58. John Dunbar tó ṣe ipò kejì, omi tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e, ni wọ́n bá ń fún un ní bíà níbi tó ti ń sáré lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Lyn Lemaire di obìnrin àkọ́kọ́ tó parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí Julie Moss. Ẹ̀yin ará Unilorin tí supervisor ń dà láàmú, ẹ súnmọ́ bí. Oṣù Kejì ọdún 1982, akẹ́kọ̀ọ́ ni Moss, project ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ló gbé e dé ibi eré náà. Ọ̀gbẹ̀rì ni nínú eré yìí. Ó ṣáà ń lọ, ó ń lọ, nígbà tó máa fi kù díẹ̀ kó parí, òun ló wà níwájú gbogbo obìnrin. Ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Nígbà tílà ìparí ò ju ìwọ̀nba mítà lọ, Kathleen McCartney kọjá lára rẹ̀, ó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 29 gba ipò kìíní. Moss fi ọwọ́ àti orúnkún rá débẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ABC ti ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi han gbogbo Amẹ́ríkà. Látìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń rọ́ wọ inú eré yìí.

Èrò tèmi rèé o, ẹ lè bá mi jiyàn lábẹ́ rẹ̀. Orísun méjì ni eré yìí ní. Ọ̀kan ni Mission Bay: dọ́là kan, lẹ́yìn iṣẹ́, iná mọ́tò létí omi. Èkejì ni Hawaii: ọkùnrin onírin, ìrora, ìyangàn títí ayé. Hawaii ni tẹlifíṣọ̀n rí, òun ni tẹlifíṣọ̀n sì tà fún wa. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni ní Tanke bá fi gbọ́ triathlon, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni òyìnbó oníkẹ̀kẹ́ olówó iyebíye. Ìtàn ò sọ bẹ́ẹ̀. Eré ọ̀gbẹ̀rì ni láti ìpilẹ̀.

Ìyókù ẹ lè wá a fúnra yín: àjọ àgbáyé rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Avignon lọ́dún 1989, ó wọ Olympics ní Sydney lọ́dún 2000, 1,500 mítà nínú omi, kìlómítà 40 lórí kẹ̀kẹ́, kìlómítà 10 lórí ẹsẹ̀. Henri Schoeman, ọmọ South Africa, gba mẹ́dàlì bàbà ní Rio lọ́dún 2016.

Ohun tó mú mi ronú ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi kejì sọ. Ó wo fídíò náà tán, ó ní, "Ṣàṣà aláwọ̀ dúdú ló wà níbẹ̀. Omi kì í ṣe tiwa." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo wá ka ìtàn ni mo rí i pé wọ́n ti yí i lórí mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní ọdún 1602, òyìnbó Dutch kan tó ń jẹ́ Pieter de Marees tẹ ìwé jáde nípa etíkun tó di Ghana lónìí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn èèyàn ibẹ̀ yára nínú omi, wọ́n mọ̀ ọ́n mù, pé tá a bá ní ká fi wọ́n wé àwọn ará ilẹ̀ tòun, tọkùnrin tobìnrin wọn ló ta wọ́n yọ. Nígbà yẹn, púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n, bí ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń wẹ̀. Wíwẹ̀ tí wọ́n ń fi apá gbá omi lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè, tí gbogbo eléré triathlon ń wẹ̀ lónìí, àwọn aláwọ̀ dúdú etíkun wa àtàwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń wẹ̀ ẹ́ ṣáájú wọn. Ní ọdún 1844, wọ́n mú ọkùnrin Ojibwe méjì láti Amẹ́ríkà wá díje nínú omi ní London. Wọ́n wẹ̀ lọ́nà yìí, wọ́n yára bí ẹja, àwọn ará London sì ní ó ń ta omi jù, kò bá àṣà ọmọlúwàbí mu. Ẹ ò ri nǹkan?

Báwo la ṣe wá débi tí aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ń sọ pé omi kì í ṣe tòun? Nígbà oko ẹrú, àwọn olówó wọn ń lo àwọn tó mọ omi mù láti wá ẹrù tó rì sísàlẹ̀ òkun. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n ti ilẹ̀kùn púùlù mọ́ wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1964, ní St. Augustine, ìpínlẹ̀ Florida, àwọn aláwọ̀ dúdú àti funfun jọ bọ́ sínú púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan láti fi ẹ̀hónú hàn, ni máníjà ibẹ̀ bá da ásíìdì sínú omi náà. Fọ́tò rẹ̀ wà níta. Ẹ wo ojú àwọn tó wà nínú omi.

Nílé níbí ńkọ́? Ọmọ Ìlàjẹ máa ń mọ̀ ọ́n wẹ̀ kó tó mọ ìwé kà. Ẹ lọ sí Ganvié lórí adágún Nokoué ní Benin, ilé orí omi ni, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà. Àwa ará òkè bíi tiwa yìí ló yàtọ̀. Asà ń ṣàn gba àárín Ìlọrin kọjá, ẹ̀rù rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wa, wọn ò kọ́ wa ní ìwẹ̀. Mi ò dá àwọn òbí wa lẹ́bi. Ta ni ì bá kọ́ wa? Ọmọkùnrin inú kíláàsì wa yẹn, ẹ̀rù odò bà á bó ṣe bà mí. Ẹ̀rù náà ò dì í mú kó má lọ, nígbà tó sì débẹ̀, kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́.

Ó yá, ká jáde nínú omi, ká gun kẹ̀kẹ́. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ní Tanke lónìí, Maruwa ni wọ́n máa dá dúró fún yín. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o. Lórí èyí, ẹnì kan wà tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Gbogbo wa la máa ń pe ẹni tí kì í jókòó sílé ní Àjàlá, láti ìgbà tí Ebenezer Obey ti dárúkọ ọkùnrin náà nínú orin rẹ̀ láwọn ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ pé Olabisi Ajala fi alùpùpù Vespa yí ayé ká, ó sì kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1963. Ṣùgbọ́n kó tó di Vespa, kẹ̀kẹ́ ni. Ní ọdún 1952, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ní Chicago, ó gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ lọ sí Los Angeles, ó lé ní 3,600 kìlómítà. Aṣọ ilẹ̀ wa ló sì wọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ń dúró láwọn ìlú, ó ń bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà, pé a kì í gbé orí igi. Mo ti gbìyànjú láti fi ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ rí. Ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ fà á ya láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mi ò mọ bí bàbá yẹn ṣe ṣe é.

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń gùn báyìí, mo yá a ni. Kò tì mí lójú. Ní Paris 2024, Ese Ukpeseraye tó ṣojú Nàìjíríà débẹ̀, wọ́n pè é lójijì láti gun kẹ̀kẹ́ nínú pápá ìdíje onígbáàsì, kò sì ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń lò fún un. Ikọ̀ Jámánì ló yá a ní tiwọn. Bí wọ́n bá lè yá kẹ̀kẹ́ ní Olympics, ta ni èmi?

Ti ẹsẹ̀ ò gùn. Àwọn àgbà ní ẹnì kan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ohun tí gbogbo Tanke ń rò nípa mi láàárọ̀ nìyẹn. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo máa ń jáde, kí oòrùn Ìlọrin tó jí, láti Tanke Junction forí lé géètì yunifásítì. Ìyá oníkókó kan dá mi dúró lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ta ló ń lé ọ?" Ìlú wa náà kì í kúkú ṣe ìlú ẹlẹ́sẹ̀. Ẹṣin la fi ń kì wá. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Lagos City Marathon, ojú àwọn èèyàn ti ń là sí ẹni tó ń sáré ojú títì láìjẹ́ pé ó jí nǹkan.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi. Ẹsẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ látorí kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú rẹ̀ nítòsí géètì, mo sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo ní kí n sáré, àfi bíi pé ẹlòmíràn ló ni ẹsẹ̀ náà. Mo ń gbé e bí ẹni gbé odó. Wọ́n ní kéèyàn máa so méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ara á mọ̀ ọ́n. Ó ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀.

Omi ló kù. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọ́ púùlù náà ló ń kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ojú mi ò wọ omi. Mo dúró síbi tí omi ti mu mí dé àyà, mo di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ọkàn mi ń lù kìkì. Ẹ̀gbọ́n ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní, "Má dá èémí dúró. Fọn ọ́n jáde sínú omi, bí ẹni ń fọn iná. Bó o bá gbé orí sókè, wàá fà á wọlé." Gbogbo ìmọ̀ ìwẹ̀ tí mo ní kò ju ìyẹn lọ. Àṣé mímú tí mò ń mú èémí pa mọ́ ló ń fún mi láyà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gba ìbú púùlù kọjá. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo gba gígùn rẹ̀, mítà 25, mo sì jáde, mo jókòó, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ní báyìí, mo lè lọ 16 ìgbà, tí mo bá ń di ẹ̀gbẹ́ mú láàárín. Mítà 400 nìyẹn. A ti gbà láàárín ara wa pé dídi ẹ̀gbẹ́ mú kì í ṣe èèwọ̀.

Mo sọ fún màmá mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Orí fóònù ni, Ọ̀fà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀, màmá.

"Kó má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ o. Aago mélòó?"

Mo ní aago méje àárọ̀ Sátidé. Wọ́n ní àwọn á wọ mọ́tò wá lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn á sùn lọ́dọ̀ mi. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Wọ́n ní àwọn ò ní wo omi náà o, àwọn á kọ ẹ̀yìn sí i. Bàtà mi làwọn kàn fẹ́ bá mi mú dání títí màá fi jáde.

Bẹ́ ẹ bá ti ń ka èyí, ó ku ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Tanke, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá wò wá, ojú ń tì wá. Màá fi bó ṣe lọ tó yín létí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ ná.